Ẹ Bi Mí Kí N Sọ: Éjẹ́ǹtì AI lè bá yín kọ́ sáìtì, gègé ni kẹ́ ẹ má gbé fún un

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àtìgbà tí mo ti fẹnu bà á lóṣù tó kọjá pé mo ti kó sáìtì mi kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, pé fáìlì Markdown lásán ló kù lọ́wọ́ mi báyìí, tí éjẹ́ǹtì AI (AI tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí fáìlì) ń bá mi tún sáìtì náà ṣe, lẹ́tà ò jẹ́ n sinmi mọ́. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Mo gé àwọn tó gùn kúrú, ẹ má bínú.

Ìyá aládìrẹ, Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, bùọ̀dá. Ọmọkùnrin kan ló bá mi ṣe sáìtì lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo sanwó fún un pé, ó wá lọ sókè òkun, ọwọ́ rẹ̀ ni pásíwọ́ọ̀dù wà, kì í gbé fóònù mi mọ́. Nígbà tí owó ibi tí wọ́n gbé sáìtì náà sí tán, ó bá kú, gbogbo àlàyé tí mo kọ sábẹ́ aṣọ bíi 70 ló bá a lọ. Ẹ wá ní Markdown. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹni tí ò mọ kóòdù lè ṣe é?

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó dùn mí gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ yẹn ò sí lọ́wọ́ yín látìbẹ̀rẹ̀, inú dátábéèsì kan ló wà lórí kọ̀ǹpútà onílé, ọjọ́ tówó tán ni wọ́n tilẹ̀kùn. Markdown ò rí bẹ́ẹ̀, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, Notepad á ṣí i, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ sórí flash kẹ́ ẹ jù ú sínú báàgì. John Gruber ló gbé e jáde lọ́dún 2004, Aaron Swartz bá a dá sí i, ohun tí wọ́n ń wá ò ju kéèyàn lè kọ̀wé fún íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń kọ ímeèlì, kó má máa já gbogbo àmì HTML wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ fi # síwájú ìlà, ó di àkọlé. Ẹ fi ìràwọ̀ méjì-méjì há ọ̀rọ̀ sáàárín, ó dúdú kìrìkìrì. Ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ọ̀kan:

```
---
title: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ"
date: 2025-11-03
draft: false
---

## Kí ló dé tá a fi ń pè é ní ẹlẹ́kọ?

Ẹ̀kọ la fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ kó tó wọnú aró.
Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọbẹ̀.
```

Èyí tó wà láàárín dáàṣì mẹ́ta-mẹ́ta lókè yẹn, ẹ̀rọ ló ń kà á, òǹkàwé ò ní rí i bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín.

Fáìlì yìí nìkan ò tíì di sáìtì o, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ gbà á kó sọ ọ́ di ojú ewé. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kó tètè yé: ṣebí ní Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń gé iṣẹ́ sára páànù, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ, wọ́n á fẹ̀kọ kùn ún, wọ́n á gbé e, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí òmíràn, páànù kan náà, aṣọ ọgọ́rùn-ún. Layout sáìtì ni páànù yẹn. Fáìlì Markdown ni aṣọ. Ẹ̀rọ tó ń bá yín tẹ páànù mọ́ aṣọ pọ̀ lóríṣiríṣi: Jekyll wà látọdún 2008, Hugo dé lọ́dún 2013, Eleventy àti Astro tẹ̀ lé e. Hugo lèmi ń lò, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, kì í kó ẹrù gbọ̀ngbọ̀nràn wọ láptọ́ọ̀pù èèyàn, dátà tó sì ń jẹ ò tó nǹkan.

Ibi tí éjẹ́ǹtì ti wọlé nìyí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé páànù yẹn, HTML ni, CSS ni, ó máa ń lé èèyàn sá. Éjẹ́ǹtì yàtọ̀ sí AI tá a kàn ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, torí inú fódà yín ló máa wà, á ka fáìlì, á kọ fáìlì, á tẹ àṣẹ, á rí i pé ó kọṣẹ́, á tún un ṣe. Claude Code, Codex ti OpenAI, Gemini CLI ti Google, ọdún 2025 ni gbogbo wọn jáde. Tówó bá ń dà yín láàmú, nígbà tí Google gbé tiwọn síta ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, wọ́n ní ẹni tó bá ti ní ímeèlì Google lè bi í ní ìbéèrè 1,000 lóòjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo bó ṣe rí báyìí kẹ́ ẹ tó yọ káàdì.

Nǹkan tí mo ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́: mo fi Hugo àti Git (ẹ̀rọ tó ń tọ́jú bí fáìlì ṣe rí tẹ́lẹ̀, kéèyàn lè padà sẹ́yìn) sórí láptọ́ọ̀pù (lórí Windows, ẹ ṣí Terminal, ẹ tẹ `winget install Hugo.Hugo.Extended`, ó ti tó fún Hugo), mo ṣe fódà tuntun, mo pe éjẹ́ǹtì sínú rẹ̀, mo wá kọ ọ́ bí mo ṣe máa bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní: "Lo Hugo. Má mú theme ẹnikẹ́ni, kọ layout tó rọrùn fúnra rẹ, kò gbọdọ̀ ní JavaScript. Ojú ewé àkọ́kọ́ á fi àwòrán àti orúkọ aṣọ hàn. Ó gbọ́dọ̀ dáa lójú fóònù kékeré. Sọ ohun tó o fẹ́ ṣe fún mi ná kó o tó ṣe é." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbà mí, torí ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kó kó páge mẹ́jọ kalẹ̀, "Nípa Wa", "Iṣẹ́ Wa", "Àwọn Èèyàn Wa", èmi nìkan o, ta ni "wa" náà? Mo ní kó fi méjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tẹ `hugo server`, mo ṣí `localhost:1313` lórí browser, sáìtì wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń tún fáìlì yín kọ, bẹ́ẹ̀ ló ń yí padà lójú yín.

Ó kù kẹ́ ẹ gbé e síta. GitHub ni ibi tí wọ́n ń gbé fódà Git sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Pages ni apá rẹ̀ tó ń fi sáìtì han aráyé. GitHub Pages ò gba kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí fódà náà wà ní gbangba, àmọ́ sáìtì ò gbọdọ̀ ju 1GB lọ, ẹ̀yin sì nìyí pẹ̀lú àwòrán aṣọ, fọ́tò kan látinú fóònù lè tó 4MB. Ẹ sọ fún éjẹ́ǹtì pé kí Hugo fúnra rẹ̀ máa gé àwòrán kéré, kó máa sọ wọ́n di WebP, irú àwòrán tó fúyẹ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa mà: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra .com.ng, ímeèlì yín ni kẹ́ ẹ fi rà á, nọ́ńbà yín, káàdì yín. Kódà kó jẹ́ ọmọ tẹ́ ẹ bí lẹ fẹ́ rán.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde: Ọmọ mi fi éjẹ́ǹtì ṣe sáìtì fún àwọn oríkì tí mo ti ń kó jọ láti 1984. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ń bí mi nínú. Lórí fóònù àwọn kan, àmì ohùn máa ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, òmíràn á di àpótí kékeré. Línkì tí mo bá fi ránṣẹ́ á gùn bí okùn àgbọn, tó kún fún %. Ẹ̀kẹta, tí mo bá wá ọ̀rọ̀ kan lórí sáìtì náà, á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń fojú ara mi wò ó!

Bàbá, mo kí yín o, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ìbéèrè yín ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí àwọn tó ń kọ ìwé "bá a ṣe ń kọ́ sáìtì" ò mọ̀ pé irú ìyà báyìí wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kẹta ṣáájú. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tẹ ọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ju ọ̀kan lọ. Ẹnì kan á tẹ ọ tó ti ní ẹ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀, á wá gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ẹlòmíì á tẹ ò tó ti ní àmì, á wá fi ẹ̀sẹ̀ sí i nídìí. Ẹ̀kẹta á tẹ o lásán, á wá kó méjèèjì lé e. Lójú yín, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni, tí fáìlì yín bá wà lọ́nà kìíní tí kíbọ́ọ̀dù fóònù yín sì ń tẹ ọ̀nà kejì, wọn ò ní mọra láéláé. Orúkọ oògùn rẹ̀ ni NFC, ìlànà kan nínú Unicode (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè) tó ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ fún éjẹ́ǹtì báyìí (content ni fódà tí Hugo ń kó ọ̀rọ̀ yín sí): "Sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fódà content di Unicode NFC, kí ohun táwọn èèyàn bá tẹ sínú àpótí ìwákiri náà di NFC kó tó wá a." Ìṣẹ́jú kan ni.

Àpótí kékeré yẹn, fọ́ǹtì ni. Éjẹ́ǹtì fẹ́ràn kó máa mú fọ́ǹtì tó rẹwà, àmọ́ ẹni tó ya fọ́ǹtì yẹn ò ronú kan ẹ́ àti ọ̀ rí. Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan fún ẹ́ nínú Unicode, ẹ lẹ́tà kan, àmì orí rẹ̀ ìkejì, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé àmì náà lé. Noto Sans mọ̀ ọ́n, Gentium náà mọ̀ ọ́n. Kó gbé fáìlì fọ́ǹtì náà sínú sáìtì gan-an, kó má gbára lé ohun tó wà lórí fóònù òǹkàwé. Níbi tẹ́ ẹ bá dé náà, ẹ ní kó wo orí layout, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá `lang="en"` níbẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ayé nìyẹn. `lang="yo"` ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí browser má máa bi àwọn èèyàn bóyá kó túmọ̀ Yorùbá sí Yorùbá.

Línkì ńkọ́? Ẹyọ ẹ́ kan ṣoṣo, tó bá dénú línkì, á di `%E1%BA%B9%CC%81`. Ẹ kà á, àmì 15 fún lẹ́tà kan! Kí wá ni kí "Oríkì àwọn Ìjẹ̀bú" ṣe? Ẹ kọ orúkọ fáìlì láìsí àmì, `oriki-ijebu.md`, kẹ́ ẹ sì kọ àkọlé inú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ tún ní kó fi `removePathAccents = true` sínú `hugo.toml`, fáìlì tí ètò sáìtì wà, kí Hugo máa yọ àmì kúrò nínú línkì. Àwọn línkì àtijọ́ tẹ́ ẹ ti fún àwọn èèyàn, kó kọ wọ́n sábẹ́ `aliases` kí wọ́n má bàa kú.

Ibi tí mo ti jìyà gan-an nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n rò ó. Èmi náà ní irú línkì yẹn, mo wá sọ fún éjẹ́ǹtì mi lálẹ́ ọjọ́ kan, oorun ti ń kùn mí, pé "yọ àmì kúrò, línkì ti gùn jù". Ó ní ó ti gbọ́. Ó kọ ètò kékeré kan, ó rìn gbogbo fáìlì já, ó bá mi yọ àmì kúrò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ, orúkọ fáìlì, àkọlé, àpilẹ̀kọ, gbogbo ẹ̀, ẹ̀sẹ̀ abẹ́ lẹ́tà pàápàá ò ṣẹ́ kù. Ó wá sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé fáìlì 43 ti mọ́ tónítóní. Mo ṣí ọ̀kan, ibi tí mo ti kọ̀wé nípa ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tó gbé wọn lọ síbi ìnáwó, àti ọkọ́ tí bàbá ìyàwó fi ń roko, "oko" ni gbogbo ẹ̀ dà, ẹ̀yin náà ẹ ronú ibi tí "oko ìyàwó" lè já sí lójú ẹni tó ń kà á. Git ló yọ mí. Mo ti tọ́jú gbogbo ẹ̀ sínú Git nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kàn tẹ `git restore .`, gbogbo àmì padà sórí. Ká ní mi ò tọ́jú ẹ̀ ni, ekún ni.

Látìgbà yẹn ni mo ti ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ `AGENTS.md`, Markdown lòun náà, Codex máa ń kà á kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ (Claude Code ń wá `CLAUDE.md`, Gemini ń wá `GEMINI.md`, ẹ lè kọ ọ̀kan kẹ́ ẹ ní kí ìyókù lọ kà á). Tèmi ò ju báyìí lọ:

```
# Òfin ilé yìí
- Má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú content/ àyàfi tí mo bá dárúkọ fáìlì náà.
- Àmì ohùn àti ẹ̀sẹ̀ lẹ́tà kì í ṣe àṣìṣe. Má yọ ọ́, má "tún un ṣe".
- Orúkọ fáìlì: lẹ́tà lásán, kò sí àmì, dáàṣì láàárín.
- Hugo nìkan. Má kó npm wọlé.
- Kó o tó ní iṣẹ́ parí, tẹ `hugo`, fi ohun tó sọ hàn mí.
```

Ẹ má jẹ́ kó gùn. AI máa ń gbowó lórí Yorùbá alámì ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí wẹ́wẹ́ ló ń gé ọ̀rọ̀ wa kó tó kà á, òfin ojú ewé mẹ́ta á máa jẹ yín lówó lójoojúmọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, mo kọ ojú ewé tuntun, mo rí i lórí láptọ́ọ̀pù mi, àmọ́ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Éjẹ́ǹtì ti "tún un ṣe" lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ní ó ti dáa lẹ́ẹ̀mẹfà.

Àbúrò, lọ wo `draft: true` lókè fáìlì yẹn, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ò tíì parí, kí wọ́n má tíì gbé e jáde. Mo fẹ́ fowó ta á pé ibẹ̀ ló wà. Éjẹ́ǹtì á ti máa fi `hugo server -D` hàn ọ́ nílé, D yẹn ló ń mú draft jáde, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ fún íntánẹ́ẹ̀tì ò ní D. Tẹ `hugo list drafts`, á dárúkọ rẹ̀ fún ọ. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, wo déètì, Hugo kì í gbé ohun tí àsìkò rẹ̀ ò tíì tó jáde, tó o bá sì kọ aago mẹ́jọ àárọ̀ láìsọ ibi tó o wà, aago mẹ́jọ UTC ló máa kà á sí, mẹ́sàn-án ti lù ní Nàìjíríà nígbà yẹn. `timeZone = "Africa/Lagos"` nínú `hugo.toml` ló máa yanjú ẹ̀. Àwọn tó ń lo Notepad, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì yín ń jẹ́ `iroyin.md.txt`, Windows máa ń fi ìrù yẹn pamọ́.

Ní ti "ó ti dáa" lẹ́ẹ̀mẹfà yẹn, má gbà á gbọ́ mọ́ láìrí ẹ̀rí. Má bi í pé "ṣé ó ti dáa?", bẹ́ẹ̀ ni lá máa sọ fún ọ. Ní kó fi ohun tí Hugo tẹ̀ jáde hàn ọ́. Nǹkan tó kọ́ tẹ́lẹ̀ ló sì ń lò nígbà míì, ó ṣì máa ń kọ `config.toml` bẹ́ẹ̀ `hugo.toml` ni wọ́n ń lò látọdún 2023, ó ṣì ń kọ `paginate` tí wọ́n ti pa tì. Da àṣìṣe tí Hugo bá sọ lé e lórí bó ṣe rí, má túmọ̀ rẹ̀.

Àǹtí kan ní Peckham, London: Ọmọ mi ní kí n kàn máa tẹ "yes" sí gbogbo ohun tó bá bi mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìkejì, tó bá mọ nǹkan tó báyìí, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó máa bá yín kọ àwọn àpilẹ̀kọ náà?

Àǹtí, ẹ̀rù yẹn dáa, ẹ má lé e lọ. Ẹ ka ohun tó bá fẹ́ tẹ̀. Tó bá jẹ́ `hugo`, ẹ jẹ́ kó lọ. Tẹ́ ẹ bá rí `rm -rf` (ó ń pa fáìlì rẹ́ láìbéèrè) tàbí `git push --force` (ó ń kọ tuntun bo èyí tó wà lórí GitHub mọ́lẹ̀), ẹ dúró, ẹ ní kó ṣàlàyé, ẹ̀yin lẹ ni láptọ́ọ̀pù. Fódà sáìtì náà nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí i sí, ẹ má ṣí i sí Documents tí fọ́tò ìgbéyàwó wà. Ẹ tún má lẹ pásíwọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ API (kóòdù àṣírí tí ẹ̀rọ fi ń wọlé lórúkọ yín) mọ́ inú fáìlì kankan tó máa dé GitHub. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, pípa á rẹ́ ò tó o, ìtàn Git ṣì rántí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ lọ fagi lé kẹ́ ẹ gba òmíràn.

Ti àpilẹ̀kọ, mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó kí àwọn òǹkàwé mi káàbọ̀ sójú ewé àkọ́kọ́. Ohun tó kọ rèé: "Mo nírètí pé ìfiránṣẹ́ yìí bá yín nínú ìlera tó dára." Ta ló ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Peckham, ká tó wá sọ Ìbàdàn? Mo pa á rẹ́, mo kọ "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ fìdí kalẹ̀." Ó lè bá mi wá àṣìṣe ìtẹ̀wé, ó lè sọ pé línkì kan ti kú, ó lè to àwòrán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú fódà content, ọwọ́ ara mi ni, torí ìyẹn làwọn èèyàn wá kà.

Láti Òṣogbo: Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀?

Rárá o. Tí sáìtì bá ti wà lórí GitHub, ẹ ṣí i lórí browser fóònù yín, ẹ wọnú fódà content, ẹ tẹ àmì pẹ́ńsù, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín, ẹ fi pamọ́, GitHub Actions, ẹ̀rọ GitHub tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, á bá yín tẹ Hugo fúnra rẹ̀. Éjẹ́ǹtì náà ti wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn lọ́hùn-ún tí kò nílò láptọ́ọ̀pù tiyín, Codex ní irú ẹ̀, Claude Code náà ní, ẹ ó kàn kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́, á gbé àtúnṣe wá fún yín pé kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó gbà á wọlé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló máa le díẹ̀, ẹ yá láptọ́ọ̀pù ẹnì kan fún ọ̀sán kan fún ìyẹn. Kíbọ́ọ̀dù fóònù ńkọ́? Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní Yorùbá, ẹ lọ sí ibi èdè, ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ tó kọ ìlà kan.